Ìtànṣán Tí Mo Fi Ṣiṣẹ́, Òun Náà Ni Wọ́n Fi Wò Mí

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ tí ẹ ní ẹ ń wá Bàbá Fọ́tò, ilé mi ni wọ́n máa mú yín wá. Ṣùgbọ́n n kò ya fọ́tò ìgbéyàwó rí, n kò ya ti ìkómọ. Irin ni mo yà. Fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ibi tí wẹ́dà ti jó irin mọ́ irin ni mo ń yà, kí a lè rí inú rẹ̀ bí dókítà ṣe ń rí egungun nínú ara. Àwọn táǹkì epo tí ẹ ń rí ní Àpápá, àwọn páìpù tó ń gbé epo láti inú ọkọ̀ ojú omi wá sínú wọn, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe ní Snake Island, mo ti wo inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn.

Ó ti rẹ̀ mí báyìí. Ohun tó mú mi sọ ìtàn yìí ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi pé, "Bàbá, a gbọ́ pé iṣẹ́ yẹn dára, ṣé ká lọ kọ́ ọ?" Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ lórí ìdúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí kálukú mú èyí tó bá a lára mu níbẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni bàbá mi ti wá sí Èkó, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà ní Àpápá. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí èmi àti Sùlé àbúrò mi sí. Nígbà tí Sùlé dàgbà, ó padà sílé lọ kọ́ aṣọ òkè híhun lọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá wa, èmi dúró. Ilé tó kọjú sí tiwa ni Sọ́níì ń gbé. Ùrhòbò ni bàbá rẹ̀, Ìkálẹ̀ ni ìyá rẹ̀, ó ń sọ Yorùbá, ó ń sọ Píjìn, nígbà mìíràn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. A jọ jáde ilé ìwé girama, a jọ jókòó sílé láìríṣẹ́, títí wẹ́dà kan ládùúgbò fi sọ fún wa pé ilé iṣẹ́ kan tó ń yẹ irin wò ní Liverpool Road ń wá ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbọ̀n lórí àkàbà. A lọ, wọ́n gbà wá. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì burú. Ọ̀gá tí wọ́n fà wá lé lọ́wọ́ ló yẹ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá Bánjọ ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú, pẹ́lẹ́ńgẹ́ ènìyàn, kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó mú wa dúró níwájú àpótí kékeré kan tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Kámẹ́rà là ń pè é, àmọ́ kò lójú.

Ó ní, "Irin kékeré kan wà nínú àpótí yìí tí kò tó hóró àgbàdo. Ìrídíọ́mù ni wọ́n ń pè é. Ó ń tàn, ṣùgbọ́n ojú yín ò lè rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Kò gbóná, kò rùn, kò pariwo. Bó bá jáde síta tí ẹ dúró tì í, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ti ń jó yín. Ẹ̀yìn ọjọ́ ni ara yín máa tó sọ fún yín."

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. A máa lẹ fíìmù mọ́ ẹ̀yìn ibi tí wẹ́dà jó. A máa na ọ̀pá rọ́bà gígùn kan láti ẹnu kámẹ́rà dé ọ̀gangan ibẹ̀. Gbogbo wa á jìnnà, ẹnì kan á máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ láti òkèèrè, wáyà á ti hóró irin náà jáde nínú àpótí, á gba inú rọ́bà lọ. Ìtànṣán rẹ̀ á gba inú irin kọjá sára fíìmù. Lẹ́yìn náà a ó yí i padà wọlé. Bí a bá fọ fíìmù yẹn nínú yàrá òkùnkùn, gbogbo ihò àti ibi sísán tó wà nínú irin á hàn. Èyí tó bá sán, wẹ́dà á gé e kúrò, á tún un jó.

Ọ̀gá Bánjọ kò jẹ́ ká fọwọ́ kan kámẹ́rà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Okùn la ń gbé. Okùn pupa tí a fi ń yí ibi iṣẹ́ ká kí ẹnikẹ́ni má bàa wọ ibẹ̀, àti mítà, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń dún tá-tá-tá bí ìtànṣán bá wà nítòsí. Nǹkan mẹ́ta ló fi ń kọ́ wa, ó lè bi ọ́ níbi tóo ti ń jẹun lọ́wọ́: "Kí la sọ?" Wàá dáhùn pé, "Má pẹ́ níbẹ̀. Má sún mọ́ ọn. Fi ohun tó nípọn sáàárín." Bí o bá gbàgbé ọ̀kan, oúnjẹ yẹn á dúró. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọjá okùn àfi kí ẹni tó gbé mítà kọ́kọ́ wọlé, kó gbé e sún mọ́ kámẹ́rà, kó sì sọ ọ́ sókè ketekete pé, "Ó ti wọlé."

Inú Sọ́níì kò dùn sí i. Ó ní, "Àbí ọ̀gá yìí ò fẹ́ ká mọṣẹ́ ni? Na okùn la wá kọ́ láti máa gbé?"

Mo ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó ní, "Ìwọ máa mú un fẹ̀sọ̀. Èmi fẹ́ mọṣẹ́."

Ọjọ́ kan, fìlà rẹ̀ fò kọjá okùn, ó fò tẹ̀ lé e. Irin kò tíì jáde nínú àpótí rárá. Síbẹ̀ ọ̀gá lé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Èmi náà, mo mú fíìmù kan wá tí ìka mi ti tẹ̀ mọ́ lára. Ó gbé e sókè síbi iná, ó wò ó, ó fà á ya, ó ní kí n padà gun orí táǹkì lọ yà á tuntun. Oòrùn ọ̀sán mú gan-an lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ọ̀gá, àmì ìka lásán ni." Ó ní, "O mọ̀ pé àmì ìka ni. Ẹni tó máa dúró lábẹ́ táǹkì yìí lọ́dún tó ń bọ̀ kò mọ̀. Ọmọ ẹni kan ni." N kò tún jà mọ́.

Ibi kan ṣoṣo tí mo ti rí i tó tẹrí ba ni Snake Island. Ọkọ̀ ojú omi la máa ń wọ̀ láti Tin Can kọjá síbẹ̀, pẹ̀lú kámẹ́rà láàárín ẹsẹ̀ wa. Lọ́jọ́ náà, ìdí ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n gbé gun èbúté la fẹ́ yà, bàbá apẹja kan sì na àwọ̀n rẹ̀ sítòsí. Sọ́níì ní kó kúrò níbẹ̀. Bàbá yẹn ní, "Fọ́tò lásán ló fẹ́ lé mi kúrò lójú omi bàbá mi?" Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ọ̀gá Bánjọ ti dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí ọmọ yìí. Kì í ṣe fọ́tò lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún sọ́hùn-ún díẹ̀, ẹ̀yin lèmi ń bẹ̀rù fún." Bàbá náà wò ó, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí a ń padà, ọ̀gá kò bá Sọ́níì wí. Ó kàn ní, "Ẹni tí kò mọ ohun tó ń pa á, a kì í pàṣẹ fún un. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ ẹ́."

Ọdún ń gorí ọdún. Mo fẹ́ Ìyá Kúdí, ọmọ Ìlàjẹ ni, onígbàgbọ́. Èmi ń lọ mọ́ṣáláṣí, òun ń lọ sọ́ọ̀ṣì, ìkòkò kan náà la sì ń jẹ. Èmi àti Sọ́níì di ẹni tó ń dá yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe débi ọjọ́ burúkú náà.

Ọjọ́ Àìkú ni, nínú ọgbà táǹkì kan tí n kò ní dárúkọ. Ọkọ̀ epo ti dúró lójú omi, wọ́n ń retí ká parí kí wọ́n lè já epo rẹ̀ sínú táǹkì tuntun, àwọn tó ni iṣẹ́ sì ń wá bi wá léraléra pé ó kù díẹ̀ àbí kò kù díẹ̀. Ọ̀gá Bánjọ wà ní ẹ̀yìn táǹkì kejì. Bátìrì mítà wa kú. Mo ní kí Sọ́níì dúró kí n lọ mú òmíràn nínú ọkọ̀ wa. Ó ní, "Abeg, tètè máa bọ̀."

Kò dúró. Ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ padà, ó rí i pé ó yí wálé fúyẹ́fúyẹ́, ó rò pé irin ti wọlé. Wáyà nìkan ló wọlé. Ìdè tó so irin mọ́ ẹnu rẹ̀ ti tú, irin náà kù sínú rọ́bà. Sọ́níì kọjá okùn, ó ká rọ́bà yẹn lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni ká okùn tí wọ́n fi ń fa omi, ó fẹ́ gbé e lọ síbi tó kàn.

Èmi ni mo gbé mítà dé. Kò tíì yẹ kó dún níbi tí mo wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí òjò orí páànù. Mo gbójú sókè, mo rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Sọ́níì, jù ú sílẹ̀. Jù ú sílẹ̀, máa bọ̀." Ó wo ojú mi, ó jù ú sílẹ̀, ó rìn wá. Kò sáré. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọ̀gá Bánjọ kó gbogbo èèyàn jìnnà sí ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí bíríkì kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó ni iṣẹ́ ní, "Kí lẹ̀ ń dúró dè?" Ó ní, "Mò ń ronú." Ó ronú tán, ó ní ká kó àpò iyanrìn wá, ká wá irin gígùn tí wọ́n fi ń mú nǹkan gbígbóná, ká gbé àpótí òjé wá láti ọ́fíìsì. Mo ní kí n bá a lọ. Ó ní, "Èmi ti bímọ tán. Dúró síbẹ̀." Ó ń wọlé, ó ń jáde, wéré wéré, kì í pẹ́ níbẹ̀, títí ó fi gbé hóró irin náà sínú òjé. Nígbà tí mítà dákẹ́, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó bì.

Sọ́níì jẹun dáadáa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kò tó oṣù kan tí ọwọ́ rẹ̀ fi pupa, ó wú, ó ń yọ omi bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí, ọgbẹ́ náà kò jinná. Wọ́n gé ìka mẹ́ta. Ojoojúmọ́ tó fi wà ní ilé ìwòsàn, Ọ̀gá Bánjọ ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Kò bá a wí, lọ́jọ́ kankan. Sọ́níì sọ fún mi pé ì bá dára kó bú òun.

Ilé iṣẹ́ wa fún Sọ́níì ní owó díẹ̀, ó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta mílíìkì àti ṣúgà sí Ajégúnlẹ̀. Ọ̀gá Bánjọ ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ sí i, ó fẹ̀yìn tì lọ Ìjẹ̀bú, ó sì kú síbẹ̀ ní àgbà. Èmi ni wọ́n gbé okùn lé lọ́wọ́. Mo le mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ju bí ọ̀gá ṣe le mọ́ wa lọ.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Yàrá òkùnkùn tí òórùn kẹ́míkà rẹ̀ máa ń bá mi dé orí ìbùsùn, ó pa rẹ́. Wọ́n kó ẹ̀rọ wá tí kò lo fíìmù, àwòrán á yọ lójú kọ̀ǹpútà kí o tó mí kanlẹ̀. Òmíràn kò lo ìtànṣán rárá, ohùn ló fi ń yẹ irin wò, o kàn máa fi í ra ara irin ni. Àwọn ọmọ tó kàwé jáde tuntun ló mọ̀ ọ́n lò, wọ́n sì ṣe sùúrù kọ́ mi. Mo kọ́ ọ, àmọ́ ojú mi ti ń ṣú, orúnkún mi kò fẹ́ àkàbà mọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ sinmi, n kò bá wọn jiyàn.

Mo rò pé mo ti bọ́ nínú ìtànṣán. Àwọn àgbà ní iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo máa fi ẹsẹ̀ ara mi rìn padà lọ bá a.

Ìtọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Màá dúró títí, díẹ̀ ló máa jáde, màá padà jókòó, á tún gbọ̀n mí dìde. Ìyá Kúdí ló wọ́ mi lọ ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ohun kan tí wọ́n ń pè ní PSA nínú rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n gé díẹ̀ lára pirósítéètì, kókó tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ àwa ọkùnrin, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Dókítà tó ń tọ́jú mi, obìnrin ni, Dókítà Rónkẹ́, ó máa jẹ́ ojúgbà Kúdí ọmọ mi. Ó ní kò tíì jáde kúrò níbi tó wà, ìtànṣán á ká a. Mo ń lọ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láti Ajégúnlẹ̀ gba àárín àwọn tírélà Àpápá kọjá, láti lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin tó ń darí rẹ̀ á ní, "Bàbá, ẹ má mira," á sì jáde kúrò nínú yàrá. Inú mi máa ń dùn pé ó jáde.

PSA wálẹ̀. A dúpẹ́. Nígbà tó yá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń ru lábẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n tún gé e wò. Àìsàn náà wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, kò kú.

Mo ní, "Dókítà, ìtànṣán tó lè gba inú irin kọjá, kí ló dé tí kò lè pa ohun kékeré yìí?"

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ohun tí ìtànṣán ń ṣe ni pé ó ń já okùn kan nínú sẹ́ẹ̀lì. Okùn yẹn ni DNA. Òun ló gbé gbogbo àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń wà láàyè. Bí ó bá já kọjá àtúnṣe, sẹ́ẹ̀lì á kú. Ṣùgbọ́n àwọn atúnṣe wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bí okùn bá já, wọ́n á so ó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún yín ní díẹ̀díẹ̀, kí ibi tó dára lára yín lè ráyè tún ara rẹ̀ ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í sábà mọ àtúnṣe ṣe dáadáa, òun á wá máa kú."

"Tèmi ńkọ́?"

"Tiyín mọ̀ ọ́n ṣe, Bàbá. Bí a ṣe ń já a ló ń so ó."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Wẹ́dà tó mọṣẹ́ ló wà níbẹ̀ nìyẹn." Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í ní ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi: ṣé iṣẹ́ mi ló fà á?

Ó ní, "N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà sí i. Ẹ ṣọ́ra lẹ́nu iṣẹ́ yín, ohun tó wọ ara yín kò pọ̀. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa dúdú, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìdílé náà wà níbẹ̀. Ṣé ẹnì kankan ní irú rẹ̀ nílé yín?"

Mo rántí bàbá mi. Kò lè tọ̀ mọ́ kó tó kú. Àrùn àgbà ni wọ́n pè é. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ó ní, "Ṣé ẹ lábùúrò ọkùnrin?"

Mo ní ọ̀kan.

"Ẹ ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

Mo pe Sùlé ní Ìsẹ́yìn lórí fóònù, mo ṣàlàyé. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á wò yín sàn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àìsàn yín kọ́ mi lọ́rùn." Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju àìsàn lọ.

Dókítà Rónkẹ́ ní ọ̀nà kan ṣì kù. Ó ní èròjà tó ń fún ọkùnrin lágbára ọkùnrin ló ń bọ́ àwọn atúnṣe wọ̀nyẹn. Abẹ́rẹ́ kan wà tó máa ń dá èròjà náà dúró. Bí ebi bá ń pa wọ́n, ọwọ́ wọn á rọ̀, àtúnṣe á nira fún wọn. Nígbà náà la ó wá fún ibẹ̀ ní ìtànṣán tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú, kó tó lè múra. Kò fi dá mi lójú pé á ṣe é. Ó ní ó lè ṣe é.

N kò fẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn. Mo mọ ohun tó máa mú lọ. Mo délé, mo jókòó, n kò lè sọ ọ́. Ìyá Kúdí ló fà á yọ lẹ́nu mi.

Ó ní, "Torí ìyẹn lẹ ṣe ń wolẹ̀? Bàbá Kúdí, ìgbà wo la ti ṣe é kẹ́yìn tí ẹ fi ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?"

Mo ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba nǹkan tó kù lọ́wọ́ mi."

Ó jókòó tì mí. Ó ní, "Ẹni tí a ó jọ máa jí ni mo fẹ́, kì í ṣe nǹkan. Ẹ gba abẹ́rẹ́."

Mo gbà á. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà wọ́n mú mi lọ ilé ìwòsàn mìíràn tó ní ẹ̀rọ náà. Sọ́níì ní òun á sìn mí lọ, nítorí Ìyá Kúdí kò lè wọ ọkọ̀ dáadáa mọ́. A dé ẹnu géètì, ó ní òun kò ní wọlé. Mo mọ̀dí rẹ̀, n kò rọ̀ ọ́.

Ọmọkùnrin kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ ṣàlàyé fún mi. Wọ́n á ki àwọn abẹ́rẹ́ gígùn tó ní ihò nínú bọ inú pirósítéètì náà. Ẹ̀rọ á wá fi wáyà ti hóró irin kékeré kan gba inú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ, á dúró díẹ̀, á padà. Mo ní, "Irin wo ni?" Ó ní, "Ìrídíọ́mù, Bàbá."

Mo sọ iṣẹ́ tí mo ṣe fún un. Mo sọ ti Sọ́níì pẹ̀lú. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì kánjú. Ó gbé mi dé iwájú ẹ̀rọ, ó fi hàn mí pé wáyà òfìfo ló máa kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà kí irin tó jáde, pé bí iná bá lọ ó ní bátìrì tirẹ̀ tó máa fà á wọlé, pé irin náà kò lè já kúrò lára wáyà tiwọn bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí tiwa. Mo béèrè gbogbo ìbéèrè tí mo ní, ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ mo wo ọ̀nà àbájáde. Mo rò ó pé kí n máa lọ sílé, kí n lọ fi ọjọ́ tó kù sinmi. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi sá fún un, èmi ni wọ́n fẹ́ gbé e sí lára. Mo rántí Ìyá Kúdí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é."

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ìsàlẹ̀ mi kú tipiri, àmọ́ ojú mi là. Wọ́n ki àwọn abẹ́rẹ́ gígùn náà bọ inú ibẹ̀ tán, gbogbo wọn jáde, ilẹ̀kùn ńlá náà pa dé. Mo gbọ́ ìró wáyà tó ń lọ. N kò ní irọ́ láti pa fún yín: mo sunkún. Kò dùn mí lára rárá. Ó kàn rẹ̀ mí ni.

Nígbà tó parí, nọ́ọ̀sì kan wọlé pẹ̀lú mítà lọ́wọ́. Ó gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ, ó gbé e sún mọ́ mi. Kò dún. Ó ní, "Ó ti tán, Bàbá."

Mo bá Sọ́níì lẹ́nu géètì lọ́jọ́ kejì, ó ra búrẹ́dì àti omi dání. Ó ní, "Ó wọlé padà?" Mo ní, "Ó wọlé." Ó fi ọwọ́ tó ní ìka méjì gbá mi mú léjìká, a wá ọkọ̀ lọ sílé.

PSA mi ti wálẹ̀, ó ti dúró síbi tó wálẹ̀ sí. Dókítà kò sọ pé mo ti sàn, ó ní ká máa ṣọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ ti sọ mí di ẹlẹ́gẹ́. Ooru á dédé bò mí nínú òtútù, n kò lè gbé kẹ́ẹ̀gì omi mọ́. Èyí náà la ń pè ní ìlera lọ́dọ̀ mi báyìí.

Ẹ̀yin tó ń bi mí nípa iṣẹ́ náà, ó dára. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sùn nítòsí àwọn táǹkì Àpápá láìmọ̀ pé ẹnì kan ti wo inú irin wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá yín bá jẹ́ ẹni tó ń kánjú, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ máa wá ẹni tó máa jẹ́ kí ẹ gbé okùn pẹ́. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ti dàgbà nínú yín, bí ìtọ̀ bá yí padà, ẹ má pè é ní àrùn àgbà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó síta nírọ̀lẹ́, mo rí ẹnì kan tó ń bọ̀ pẹ̀lú àpò iṣu léjìká. Sùlé ni. Kò pè mí kó tó wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi, ó kí ìyàwó mi, ó jẹun. A sọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn, a sọ̀rọ̀ òwú tó wọ́n. Nígbà tí Ìyá Kúdí wọlé lọ, Sùlé ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ lórí fóònù."

Mo ní, "N kò bínú."

Ó ní, "Èmi náà ò lè tọ̀ dáadáa mọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Kí ẹ tó pè mí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí."

Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jókòó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orúnkún ń dùn mí, ooru abẹ́rẹ́ ti bò mí kí n tó wẹ̀. Ìyá Kúdí ní kí n jẹ́ kí Kúdí mú Sùlé lọ sọ́dọ̀ Dókítà Rónkẹ́. Mo ní rárá. Mo wọ bàtà mi, mo ní, "Sùlé, dìde, ká máa lọ."